Kòtò Ìdí-Emi

Waheedat di irin tó wà lókè fèrèsé ọkọ̀ mú, ó pa eyín dé, ó ń retí kí taya iwájú já sí kòtò. Ọkọ̀ kò já. Ó rọra yí gba orí ilẹ̀ pupa kan kọjá, ilẹ̀ tó tẹ́jú bí ilẹ̀ ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, ó sì gun òdìkejì láìmi ẹnikẹ́ni. Wọ́n tilẹ̀ ti gbá a. Ojú ìgbálẹ̀ ṣì wà lára erùpẹ̀ náà.

"Ibo wá ni kòtò ọ̀hún wà?" Ọnọ́rébù Adégbénró béèrè láti ìjókòó iwájú. Kò bínú. Ohùn ẹni tí wọ́n pè wá wo eégún, tó dé agbo tí kò bá eégún, ló fi béèrè.

Waheedat yíjú padà. Ó wo ẹ̀yìn láti ara gíláàsì. Igi emi ńlá tó dá dúró létí odò nìyẹn. Odò Aró nìyẹn, tí ẹ̀ẹ̀rùn ti sọ di yanrìn lásán. Ibẹ̀ náà ni. Lásìkò òjò tó kọjá, òun fúnra rẹ̀ bọ́ bàtà níbẹ̀, ó ká aṣọ sókè dé orúnkún, ó ya fọ́tò kòtò tí wọ́n gbẹ́ la ojú ọ̀nà já, kòtò tó lè gbé màlúù méjì mì láìgbin. Fọ́tò náà ló wà nínú àbọ̀ ìwádìí tí ọnọ́rébù gbé lé itan yìí. Agbaṣẹ́ṣe kan ló gbẹ́ ẹ, pé òun fẹ́ ri páìpù kọ̀ǹkéré sí i kí omi lè gba abẹ́ ọ̀nà kọjá. Ó gbẹ́ ẹ tán, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Nínú ìwé ìjọba, iṣẹ́ ti parí.

Ọ́fíìsì tí Waheedat ń bá ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ló ń tọpinpin irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri ìpínlẹ̀. Ọ́fíìsì náà kò ní ọlọ́pàá, kò ní kóòtù, kò sì lè fi ipá mú ẹnikẹ́ni. Ohun tó ní kò ju ẹnu lọ: yóò ṣe ìwádìí, yóò kọ àbọ̀ rẹ̀, yóò gbé e lọ síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Bí àwọn aṣòfin bá fọwọ́ sí i, agbaṣẹ́ṣe á padà wá parí iṣẹ́ ní tipátipá. Bí wọn kò bá fọwọ́ sí i, ó di ìwé tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà. Bí àwọn oníròyìn kò bá sì gbé e, àwọn aṣòfin á sùn lé e lórí. Waheedat ni alárinà láàrin ọ́fíìsì àti àwọn aṣòfin, òun náà sì ni alárinà láàrin ọ́fíìsì àti àwọn oníròyìn. Ó mọ ọnọ́rébù tí a kì í bá sọ̀rọ̀ kó tó jẹun. Ó mọ oníròyìn tó jẹ́ pé bí o kò bá kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀, kò ní gbọ́ ohun tí o bá wí lẹ́yìn náà. Ó mọ iṣẹ́ náà í ṣe, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọ̀rọ̀ Ìdí-Emi nìkan ló wọ̀ ọ́ lára bí ọ̀rọ̀ ilé ara rẹ̀. Ràsáàkì, àgbẹ̀ oníṣu kan ní abúlé náà, ló gbé ẹ̀sùn wá nígbà tí ọ́fíìsì wọn ṣe ìpàdé pẹ̀lú aráàlú ní Àgọ́-Àmọ̀dù. Sọ̀fíyàt ìyàwó rẹ̀ ń rọbí ní ọjọ́ òjò kan, wọ́n gbé e sórí ọ̀kadà pé kí wọ́n máa sáré gbé e lọ sí ọsibítù, ọ̀kadà dé etí kòtò, kò lè kọjá. Ibẹ̀ ló kú sí, òun àti ọmọ inú rẹ̀. Ràsáàkì kò sunkún nígbà tó ń sọ ọ́. Waheedat ló sunkún, ó sì ṣe ohun tí wọn kì í ṣe ní ọ́fíìsì wọn: ó ṣèlérí. "Bàbá Samsudeen," ó ní, "ọ̀rọ̀ yìí ò ní kú sọ́wọ́ mi."

Ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, ìgbìmọ̀ tí Adégbénró jẹ́ alága rẹ̀ yóò jókòó lórí àbọ̀ náà. Agbaṣẹ́ṣe ti lọ sọ fún wọn pé irọ́ ni ọ́fíìsì ń pa, pé kò sí kòtò kankan ní Ìdí-Emi. Adégbénró ní òun á fi ojú ara òun rí i. Ó ti wá rí i báyìí.

Ọkọ̀ àwọn oníròyìn ló tẹ̀lé tiwọn. Nígbà tí wọ́n dúró lẹ́nu abúlé, Isaac, ọkùnrin tó ń ṣe ètò àárọ̀ lórí rédíò kan ní Ṣakí, bọ́ sílẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. "Àǹtí Waheedat, ṣé ẹ ti kó kòtò yín lọ sí Ìbàdàn ni?"

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Waheedat náà rẹ́rìn-ín, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Gbogbo abúlé ló mọ́ tónítóní. Wọ́n ti kó àga ilé-ìwé sí abẹ́ igi, wọ́n sì ti fi aṣọ òkè bo ti ọnọ́rébù. Baálẹ̀ Fáwùnmí fúnra rẹ̀ dìde pàdé wọn.

"Ẹ kú ọ̀nà o, ẹ kú ewu ọ̀nà. Mo gbà pé ọ̀nà ò fìyà jẹ yín?" Ó béèrè bí ẹni tó ti mọ èsì.

"Ọ̀nà yín dára ju ti àdúgbò mi lọ, Baálẹ̀," Adégbénró wí. Gbogbo agbo pàtẹ́wọ́. Isaac fi ẹ̀rọ gba pàtẹ́wọ́ náà sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń gbé omi fún àlejò, Waheedat fa Baálẹ̀ sẹ́yìn ògiri.

"Bàbá, ta ló dí kòtò?"

"Àwa ni, ọmọ mi." Ayọ̀ hàn lójú rẹ̀. "Ìwọ lo sáà ránṣẹ́ pé àlejò ńlá ń bọ̀, kí a múra. La bá pe ọ̀wẹ̀. Kò sí ilé tí ò yọjú. Àwọn ọkùnrin wú erùpẹ̀, àwọn obìnrin ru òkúta, àwọn Fúlàní inú gáà pàápàá wá bá wa gún un."

"Bàbá, kòtò yẹn ni wọ́n wá wò!"

"A mọ̀." Baálẹ̀ wò ó, kò lóye ohun tó ń já a láyà. "Ṣé kí a wá jẹ́ kí mọ́tò àlejò rì sí i ni? Kí ni wọ́n á máa pe Ìdí-Emi kiri? Bí wọ́n bá ti jókòó, tí wọ́n ti jẹun, a ó fẹnu sọ fún wọn pé kòtò ń bẹ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àbí wọn ò ní gba àgbà gbọ́ ni?"

Ariwo fẹ́ bọ́ lẹ́nu Waheedat, ó gbé e mì. Ta ni yóò pariwo mọ́? Òun ló tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ náà lórí fóònù rẹ̀, òun kan náà tó máa ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo abúlé: *Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa múra sílẹ̀ de àwọn àlejò wa.* Ní ọ́fíìsì wọn, ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni àga, ìbòòji, àti ẹni tó máa sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Ṣakí ni òun. Bí àlejò bá ń bọ̀ nílé wọn, ìyá rẹ̀ a ní kó gbálẹ̀ dé iwájú ilé aládùúgbò, a sì wá aṣọ tó dára jù bo tìmùtìmù tó ti ya. Ó yẹ kó mọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Òun da omi síwájú, ó di ẹrẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Inú bí i sí ara rẹ̀ gidigidi.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí ní Ìdí-Emi àfi lórí òkìtì ọ̀gán kan lẹ́yìn ilé-ìwé. Waheedat gùn ún tòun ti bàtà ọ́fíìsì, ó pe Ọ̀gá Olúkúnlé, olórí ọ́fíìsì wọn.

Ọ̀gá gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì bínú. Àìbínú yẹn gan-an ló mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo.

"Waheedat, fi sílẹ̀. Ẹ̀sùn mìíràn pọ̀ nínú àbọ̀ yẹn. Ti ilé-ìwé wà ńbẹ̀, ti ilé ìwòsàn wà ńbẹ̀. Bí o bá ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dí kòtò ni, alága á ní àwa la kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa wí, gbogbo àbọ̀ á sì bá a lọ. Ka ìwé tí a ti kọ fún àwọn oníròyìn. Àbẹ̀wò lọ dáadáa, ọ́fíìsì àti Ilé Ìgbìmọ̀ jọ ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ká fọgbọ́n yọ Ìdí-Emi kúrò."

"Wọ́n á ní irọ́ la pa lórí Ìdí-Emi, ọ̀gá."

"Kí wọ́n pè wá ní òpùrọ́ lórí ẹyọ kan sàn ju kí wọ́n pè wá bẹ́ẹ̀ lórí gbogbo rẹ̀ lọ." Ni fóònù bá já.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Waheedat náà ìbá sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Nígbà tó wo ìsàlẹ̀, Isaac ló wà nídìí ọ̀gán. Ó ti gbọ́. Kò rẹ́rìn-ín mọ́, torí ó fẹ́ràn Àǹtí yìí lóòótọ́.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká wá géńdé bíi mẹ́ta tó ní ọkọ́," ó rọra wí. "Ká wú ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, kí n ya fọ́tò, ó parí. Ṣebí kòtò ti wà níbẹ̀ rí? Irọ́ kọ́ nìyẹn."

Waheedat rò ó. Ó rò ó dáadáa, a ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó tilẹ̀ ti ń wo àgbàlá kiri bóyá yóò rí ẹni tó gbé ọkọ́ dání. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ni Ràsáàkì, tó ń bọ̀ wá kí i, tó fi àkísà di àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màdáámù. A dúpẹ́ pé ẹ mú wọn wá lóòótọ́."

"Bàbá Samsudeen, kí ló ṣe yín lọ́wọ́?"

"Ọkọ́ ló bó o, níbi ọ̀wẹ̀."

"Ẹ̀yin náà bá wọn dí i?" Ọ̀rọ̀ náà jáde bí ẹ̀sùn, kò sì rò ó tẹ́lẹ̀ kó tó sọ ọ́.

"Àlejò ń bọ̀, kí n wá jókòó sílé?" Ràsáàkì wo apá ọ̀dọ̀ odò. "Ibi tí ọ̀kadà dúró sí lọ́jọ́ náà, èmi ni mo dí ibẹ̀. Mi ò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án."

Isaac wolẹ̀. Kò dárúkọ ọkọ́ mọ́. Waheedat sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa wú ilẹ̀ yẹn níṣojú òun, bí àbọ̀ náà yóò bá tilẹ̀ jóná.

Nígbà tí wọ́n padà dé abẹ́ igi, Adégbénró ti dìde, ó ń fi àbọ̀ ìwádìí fẹ́ ara rẹ̀. Àwọn oníròyìn yí i ká.

"Ẹ̀yin ará Ìdí-Emi," ó ní, "wọ́n sọ fún wa pé ọ̀nà yín bàjẹ́. Mo wá, mo rí i pé kò bàjẹ́. Bí iṣẹ́ àbójútó ṣe ń rí nìyẹn. Màdáámù tó mú wa wá á fi ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ kádìí ètò."

Waheedat jáde síwájú tòun ti ìwé lọ́wọ́. Nínú iṣẹ́ rẹ̀, òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀: a kì í mú kí aṣòfin béèrè ohun tí kò mọ èsì rẹ̀ níwájú rédíò. Òun ló máa ń fi òfin náà kọ́ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ́fíìsì. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó ká a pọ̀.

"Ọnọ́rébù, kí a tó dúpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi wọ́n ní ìgbà tí wọ́n tún ọ̀nà yìí ṣe."

Adégbénró wò ó. Ojú náà sọ fún un pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ láàrin àwọn méjèèjì bí wọ́n bá dé Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀ ná, Isaac sì ti na makirofóònù sẹ́nu Baálẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ tún un ṣe, Baálẹ̀?" Adégbénró béèrè.

"Ọjọ́ Àlàmísì tó kọjá yìí ni." Baálẹ̀ na ọrùn kí ohùn rẹ̀ lè wọlé dáadáa.

"Agbaṣẹ́ṣe ló padà wá?"

"Agbaṣẹ́ṣe wo? A à tún rí i sójú mọ́. Àwa ni. Ọ̀wẹ̀ la pè, nítorí tiyín."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Adégbénró dáwọ́ abẹ̀bẹ̀ ìwé náà dúró. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òmùgọ̀ ọkùnrin. Ẹni tó ti jókòó nílé aṣòfin pẹ́ a máa mọ ibi tó ti lè gba ọ̀rọ̀ padà.

"Ó dáa náà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ lè tún un ṣe, kí ló dé tí ẹ jókòó tì í láti ọjọ́ yìí, tí ẹ wá ń fẹ̀sùn kan ìjọba?"

Ìbéèrè náà dára, ojú rẹ̀ sì ti ń padà bọ̀ sípò. Kò sí ohun tí Waheedat kọ sílẹ̀ tó lè dáhùn rẹ̀. Ìgbà náà ni Ràsáàkì dìde láàrin àwọn ọkùnrin. Ó kọ́kọ́ kí àwọn àlejò, ó béèrè ará ilé wọn, ó tún kí wọn.

"A ti tún un ṣe rí, ẹ̀ẹ̀kan kọ́," ó ní. "Erùpẹ̀ lásán ni, kò sí páìpù nínú rẹ̀. Omi tó bá kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ló máa ń gbé e lọ. Èyí náà, omi á gbé e lọ. Òjò ni ò tíì dé. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé."

Ó jókòó. Waheedat ń dúró kó dárúkọ Sọ̀fíyàt, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó dárúkọ rẹ̀. Kò dárúkọ rẹ̀. Ní Ìdí-Emi, wọn kì í fi ọ̀fọ̀ pàdé àlejò.

Adégbénró ṣí àbọ̀ ìwádìí tó ti ń fi fẹ́ ara rẹ̀ láti àárọ̀. Ó hàn gbangba pé kò ṣí i rí, torí àwọn ojú ewé rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ra. Ó dé ibi fọ́tò, ó gbé e sókè, ó wo igi emi inú fọ́tò, ó wo ti ọ̀nà odò lọ́ọ̀ọ́kán. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ wà nísàlẹ̀ fọ́tò náà. Ó kà á, ó tún un kà.

"Ta ni Sọ̀fíyàt?"

"Ìyá Samsudeen ni," Ràsáàkì dáhùn. "Ìyàwó mi."

"Ṣé ó wà níbí?"

"Ó ń bẹ lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí." Ó nawọ́ sí ibi tí wọ́n ń sin òkú sí.

Ewúrẹ́ kan gba àárín àga kọjá, kò sẹ́ni tó lé e.

Waheedat ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, àwọn oníròyìn ló sì kọjú sí. "Ẹ gba èyí náà sílẹ̀. Èmi ni mo ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n múra de àlejò. Mi ò sọ fún wọn pé kí wọ́n fi kòtò sílẹ̀. Àṣìṣe tèmi ni, kì í ṣe tiwọn. Bí ẹ bá máa gbé e, ẹ gbé e bẹ́ẹ̀."

Ó mọ̀ pé Isaac yóò gbé e lórí ètò àárọ̀ ọ̀la, ó sì mọ̀ pé Ọ̀gá Olúkúnlé yóò gbọ́. Ẹ̀rù bà á. Bí ẹ̀rù náà ti ń bà á, ó rí i pé ara òun fúyẹ́.

Adégbénró pa ìwé dé. "A ó gbé e yẹ̀ wò ní Ọjọ́rú," ó wí. Waheedat ti gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu àwọn aṣòfin títí ó fi há a lórí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ó sì lè jẹ́ pé ebi ń pa wọ́n. Kò bi í léèrè.

Wọ́n jẹ iyán, torí kò sẹ́ni tó ń kúrò ní Ìdí-Emi láìjẹun. Lẹ́yìn náà, àwọn àgbà abúlé sìn wọ́n sọ́nà, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó ń rọra yí. Nígbà tí wọ́n dé etí odò, Adégbénró ní kí dírẹ́bà dúró. Ó bọ́ sílẹ̀. Ó rìn dé ibi tí ilẹ̀ pupa ti bẹ̀rẹ̀, ó fi gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Erùpẹ̀ náà wó, gìgísẹ̀ sì rì. Ó wo bàtà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fẹsẹ̀ rìn kọjá lọ sí òdìkejì. Kò sẹ́ni tó lè jókòó sínú ọkọ̀ nígbà tí alága ń fẹsẹ̀ rìn, gbogbo wọn bá bọ́ sílẹ̀.

Ràsáàkì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Waheedat.

"Ṣé ẹ ó tún padà wá wò ó, Màdáámù?"

"A ó wá, Bàbá Samsudeen. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀."

"Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ má ránṣẹ́ sí wa."

Waheedat yíjú sí i, ó rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí yẹ̀yẹ́ lójú rẹ̀.

"Bí a bá ti lè gbọ́ pé àlejò ń bọ̀," Ràsáàkì wí, "a ó tún dí i ni. A à mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe òmíràn."

Wọ́n ń rìn lọ. Bí wọ́n ti dé etí ilẹ̀ pupa náà, Ràsáàkì yà sápá òsì, ó yí ibi tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí po. Waheedat náà yà, ó gba ibi tó gbà. Lẹ́yìn wọn, ọkọ̀ ń bọ̀ tààrà lórí ilẹ̀ tí wọ́n gbá, ó gba ibẹ̀ kọjá, kò sì mì.